Jíjẹun ní ilé sushi kékeré àdúgbò ní Tokyo: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó bá ń gbé Tokyo kò ní ṣàì rí i. Ní àwọn òpópónà tóóró tó yí ibùdókọ̀ ojú irin ká, ilé kan wà tí aṣọ rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí èèyàn kò lè rí inú rẹ̀ láti ìta, tí wọn kò sì kọ iye owó oúnjẹ kankan sára ògiri. Ilé sushi àdúgbò nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà sí, tí wọ́n sì gbé ẹja lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ti ń kọjá níwájú rẹ̀ fún ọdún méjì mẹ́ta láìwọlé, nítorí ẹ̀rù. Mo fẹ́ kí ẹ wọlé. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá ọmọ ìyá mi lóhùn tó bá ń bọ̀ wá kí mi. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: ilé náà kéré, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, ẹja tí wọ́n rà láàárọ̀ sì ní ìwọ̀n. Ibẹ̀ ni gbogbo òfin tó ń dẹ́rù bà yín ti wá.

Irú ilé wo gan-an là ń sọ?

Oríṣi ilé sushi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ ní Jàpáánì. Ọ̀kan ni èyí tí àwo ń yí kiri lórí bẹ́líìtì, tí wọ́n ń pè ní kaiten-zushi. Yoshiaki Shiraishi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítòsí Osaka lọ́dún 1958, lónìí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Sushiro, Kura Sushi àti Hama Sushi ló ń ṣe é káàkiri ìlú. Èèyàn lè jẹ yó níbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òmíràn ni ti àwọn olówó, irú èyí tó wà ní Ginza, àdúgbò olówó kan ní Tokyo, tí wọ́n ń gba 30,000 yen lọ sókè lórí ẹnì kan, tí èèyàn sì lè dúró fún oṣù mélòó kan kó tó rí àyè.

Èyí tí mo ń sọ wà láàárín méjèèjì. Machi-zushi ni wọ́n ń pè é. Káńtà onígi kan tí àga mẹ́fà sí mẹ́wàá wà níwájú rẹ̀, bóyá tábìlì kan tàbí méjì sí i. Bàálé ilé wà lẹ́yìn káńtà, ìyàwó rẹ̀ ń gbé tíì, òkè ilé náà ni àwọn méjèèjì sì sábà máa ń gbé. Àwọn ará àdúgbò ni oníbàárà wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá kú ní òpópónà náà, tàbí tí àlejò pàtàkì bá dé sílé ẹnì kan, àwọn ni wọ́n máa ń pè lórí fóònù. Wọ́n á to sushi sínú àwo ńlá rìbìtì dúdú, wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì padà wá gbé àwo náà lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ wọn ju títa oúnjẹ lọ ní àdúgbò náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ṣí?

Bí aṣọ ẹnu ọ̀nà, ìyẹn noren, bá rọ̀ síta, wọ́n ti ṣí. Bí wọ́n bá ká a wọlé, wọ́n ti pa. Ọ̀sán sábà máa ń jẹ́ agogo mọ́kànlá ààbọ̀ sí bí agogo méjì, alẹ́ sì jẹ́ agogo márùn-ún sí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Láàárín méjèèjì, ọ̀gá ń sinmi tàbí kó máa ṣètò ẹja.

Ọjọ́ tí ọjà ẹja Toyosu bá tì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń tì: ọjọ́ Àìkú, àti àwọn Ọjọ́rú kan. Toyosu ni wọ́n kó Tsukiji, ọjà ẹja Tokyo àtijọ́, lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Àwọn kan máa ń ṣí ní Àìkú nítorí ìdílé tó fẹ́ jáde jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè yàn, ẹ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì.

Ṣé dandan ni kí n gba àyè sílẹ̀?

Lọ́sàn-án, rárá. Lálẹ́, ó dáa kí ẹ pè, pàápàá bí ẹ bá ju méjì lọ. Ẹni tí kò gbọ́ Japanese lè bẹ ọ̀rẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kó bá a pè. Orúkọ, iye èèyàn, aago, àti ohun tí ẹ kì í jẹ: mẹ́rin yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín gan-an ni pé bí ẹ bá ti pè, ẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó: àga mẹ́jọ ló wà. Èèyàn mẹ́rin pè pé àwọn ń bọ̀. Ọ̀gá lọ sọ́jà láàárọ̀ kùtù, ó ra ẹja tó máa tó wọn, ó pa ìpẹ́, ó yọ ìfun, ó fi iyọ̀ sí èyí tó yẹ, ó sì dá ẹlòmíì tó pè padà pé kò sí àyè. Bí àwọn mẹ́rin yìí kò bá yọjú, ìdajì owó alẹ́ yẹn ti lọ, ẹja náà kò sì ní dúró de ọ̀la. Ilé ńlá lè gbé irú àdánù bẹ́ẹ̀ mì. Tọkọtaya tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún kò lè gbé e mì. Bí nǹkan bá yí padà, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pẹ́ tán. Bí ẹ bá máa pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá pàápàá, ẹ pè.

Ṣé wọn kò ní lé mi padà nítorí pé mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti àlejò?

Mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn ibì kan wà tí ọ̀gá á fi apá méjèèjì ṣe àgbélébùú níwájú àyà, pé kò sí àyè, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ń rí àga tó ṣófo. Nígbà mìíràn òótọ́ ni pé ẹnì kan ti gba àga yẹn. Nígbà mìíràn ẹ̀rù ló ń bà á: kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé iye owó, ó sì ń ronú pé ẹ ó bínú tí ẹ bá rí i pé kò ní salmon oní-bọ́tà tàbí àwọn sushi wíwé tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó máa ń tú ẹ̀rù yẹn ká rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ lọ́sàn-án, nígbà tí oúnjẹ àti iye owó ti wà létòlétò. Bó bá jẹ́ alẹ́ lẹ fẹ́, ẹ wọlé bí wọ́n bá ṣe ń ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, ní agogo márùn-ún, láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ fi ìka ṣàfihàn iye yín, ẹ sì dúró kí wọ́n tọ́ka sí ibi tí ẹ máa jókòó. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé Yorùbá kò ní ṣe púpọ̀ kó tó bá ìkíni ibẹ̀ mu, nítorí ìtẹríba ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Bí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ rìn síwájú. Àdúgbò Tokyo tó ní ẹyọ ilé sushi kan ṣoṣo kò pọ̀.

Eélòó ni kí n mú dání?

Lọ́sàn-án, 1,000 sí 2,000 yen sábà máa ń tó fún àwo kan, pẹ̀lú ọbẹ̀ miso (ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà bíbà sè) àti tíì. Lálẹ́, ẹ fọkàn sí 5,000 sí 10,000 yen lórí ẹnì kan, ọtí sì lè gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ mú owó lọ́wọ́, nítorí àwọn ilé kan kì í gba káàdì.

Àwo ọ̀sán máa ń ní ipò mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: nami, jō àti tokujō, tàbí ume, take àti matsu. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti gba èyí tó kéré jù. Ìrẹsì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ṣe é, ẹja orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Iye sushi inú àwo náà, tó máa ń tó bíi mẹ́wàá, ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1947, lẹ́yìn ogun, ìjọba ń pín ìrẹsì fún aráàlú, wọ́n sì ti ilé oúnjẹ pa. Àwọn oníṣẹ́ sushi Tokyo wá bá ìjọba sọ ọ́ pé àwọn kò ní ta oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan làwọn máa gba owó lé. Oníbàárà á gbé ìrẹsì gō kan, bíi gíráàmù 150, wá láti ilé, wọ́n á sì fún un ní sushi mẹ́wàá. Bí iṣẹ́ náà ṣe là á já nìyẹn, ìwọ̀n yẹn kò sì tíì yí padà púpọ̀.

Ẹ tún lè rí pátákó kéékèèké tí wọ́n kọ orúkọ ẹja sí, tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri láìsí iye owó. Iye ẹja wọ̀nyẹn tẹ̀ lé bí ọjà ṣe rí láàárọ̀. Béèrè ni kí ẹ béèrè, tàbí kí ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: “Yosan wa gosen-en desu” túmọ̀ sí pé 5,000 yen lẹ mú wá. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Inú ọ̀gá máa ń dùn, nítorí ó ti mọ ibi tó máa gé e dé.

Mi ò lè jẹ ẹja àìsè. Ṣé kí n má wulẹ̀ lọ?

Ẹ lọ. Ìbéèrè yìí ló wù mí láti dáhùn jù, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ nípa sushi kò tó ìdajì rẹ̀.

Láàárín ọdún 1820 sí 1830 ni nigiri, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ tí wọ́n sì gbé ẹja lé, gbilẹ̀ ní Edo, bí wọ́n ṣe ń pe Tokyo nígbà náà. Hanaya Yohei, tó ń tà ní agbègbè Ryōgoku, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Oúnjẹ ojú pópó ni: wọ́n ń dúró jẹ ẹ́, wọ́n ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Kò sí fíríìjì, kò sí yìnyín. Ẹja tí wọ́n bá pa ní òwúrọ̀ kò ní pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru, nítorí náà wọ́n ní láti dá ọgbọ́n sí i. Wọ́n fi iyọ̀ àti fínígà pa á. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú shōyu, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Wọ́n bọ̀ ọ́. Wọ́n sè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú omi dídùn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo lọ́dún 1923 tí iná sì jó ìlú, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sushi padà sí ìlú abínibí wọn, wọ́n sì gbé ọgbọ́n náà lọ káàkiri Jàpáánì.

Ọ̀gá àdúgbò tó mọṣẹ́ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Anago, ẹja òkun tó gùn gbọọrọ, sísè ni. Ó rọ̀ débi pé ó ń já lẹ́nu fúnra rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi omi dídùn dúdú pa á lára. Ebi ni edé ńlá tí wọ́n bọ̀. Tako, ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, bíbọ̀ ni. Tamago ni ẹyin tí wọ́n dín nípọn, tó ní ṣúgà díẹ̀. Kappa-maki ni kùkúńbà tí wọ́n fi ìrẹsì àti ewé òkun wé. Kanpyō-maki sì wà, èyí tí mo fẹ́ràn gan-an: ara èso kan tó jẹ́ ìbátan kèrègbè tiwa ni wọ́n bẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n wá fi shōyu àti ṣúgà sè. Ẹ lè jẹ gbogbo èyí yó láìfẹnu kan ẹja àìsè kankan. “Nama wa taberaremasen” lẹ máa sọ, pé ẹ kì í jẹ ohun àìsè.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbìyànjú díẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tùnà ọlọ́ràá olówó ńlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹja tí ẹ ti mọ̀. Saba ni èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń pè ní Titus. Aji ni ẹbí kótè. Kohada, ẹja kékeré aláwọ̀ fàdákà, ẹbí ṣáwà ni. Saba àti kohada ti gba iyọ̀ àti fínígà kí wọ́n tó dé iwájú yín, adùn wọn sì lágbára. Kohada ni àwọn tó mọ sushi fi ń díwọ̀n ọwọ́ ọ̀gá. Ẹja tí kò wọ́n ni, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pẹ́ jù lára rẹ̀, ó le. Bí kò bá pẹ́ tó, ó ń rùn. Bó bá tóbi, tó bá lọ́ràá, tó bá jẹ́ ìgbà ooru tàbí ìgbà òtútù, ìṣẹ́jú rẹ̀ ń yí padà. Kò sí ìwé tó lè sọ fún ọ̀gá nígbà tó yẹ kó gbé e kúrò nínú iyọ̀. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ṣé kò ní dá àìsàn sí mi lára?

Ewu díẹ̀ wà nínú ohun àìsè gbogbo. Èyí tí wọ́n ń ṣọ́ jù nínú ẹja òkun ni aràn kan tó ń jẹ́ Anisakis, tó sábà máa ń wà nínú saba, aji, ika (squid) àti irú wọn. Ẹ má gbà gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé fínígà tàbí wasabi, èròjà aláwọ̀ ewé tó ń ta lẹ́nu, ń pa á. Kì í pa á. Ohun tó ń pa á ni kí ẹja dì ní òtútù 20 sísàlẹ̀ òdo fún wákàtí 24 ó kéré tán, tàbí iná. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń yọ ìfun ẹja kíákíá, nítorí ibẹ̀ ni aràn náà máa ń wà kó tó wọnú ẹran, á sì fojú wá a bó ṣe ń gé e. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run yín gidigidi ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé ẹja àìsè lẹ jẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa níbí, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ gba ọ̀fun wọlé yọ ọ́.

Nítorí ọ̀rọ̀ aràn yìí náà ni àwọn ilé àtijọ́ kan kì í fi ta salmon. Salmon inú omi Jàpáánì kì í ṣe ohun jíjẹ láìsè. Àwọn ará Norway ló gbé salmon tí wọ́n sìn wá láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí wọ́n sì polówó rẹ̀ títí tó fi di ààyò àwọn ọmọdé. Bí ọ̀gá bá sọ pé òun kò ní, kì í ṣe pé ó ń ṣakọ.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ yàn lára àwọn tó ti jinná. Ní ti tùnà ńlá, iléeṣẹ́ ìlera Jàpáánì sọ pé kí aboyún má jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 80 lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí mẹ́kúrì.

Mo ti wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Wọ́n á kígbe “Irasshaimase!” láti kí yín káàbọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ tẹrí ba. Bí wọ́n bá fi yín sídìí káńtà, àyè tó dáa jù lẹ rí yẹn. Wọ́n á gbé aṣọ ìnuwọ́ gbígbóná wá: ọwọ́ ni kí ẹ fi nù, kì í ṣe ojú àti ọrùn. Ẹ bọ́ òrùka ńlá, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago wúwo, nítorí igi káńtà náà rọ̀, nǹkan líle sì lè ha á. Ẹ má gbé fóònù tàbí báàgì lé e. Tíì aláwọ̀ ewé wà, ó gbóná, wọn kì í gbowó rẹ̀, wọ́n á sì máa bù ú kún un. Ọtí kì í ṣe dandan.

Kí n yàn fúnra mi ni, àbí kí n ní kó yàn fún mi?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lálẹ́, ẹ sọ pé “Omakase de onegaishimasu”, ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀gá lẹ fi í sí, kí ẹ sì fi iye owó yín kún un. Ó mọ ẹja tó dáa lónìí, ó sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú: ẹja funfun tí adùn rẹ̀ rọra, kó tó kan tùnà, kó tó kan àwọn oní-fínígà àti anago. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ lè máa yàn ní ẹyọ méjì méjì, kí ẹ máa tọ́ka sí inú gíláàsì tí ẹja wà. Ẹ má pè é lórúkọ rẹ̀. “Taishō” ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyàwó rẹ̀ sì ni “Okami-san”.

Ọwọ́ ni kí n fi jẹ ẹ́, àbí igi méjì yẹn?

Èyí tó bá wù yín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ látilẹ̀wá, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n fọkàn balẹ̀ fi ọwọ́ mú un. Ọwọ́ òsì kì í ṣe èèwọ̀ níbí. Bí ẹ bá lo igi ìjẹun, ìyẹn hashi, ẹ má gún un dúró sínú ìrẹsì, ẹ má sì fi igi gba oúnjẹ látorí igi ẹlòmíì. Ohun òkú ni méjèèjì nínú àṣà wọn.

Ní ti shōyu, ẹ dojú sushi délẹ̀ díẹ̀, kí ẹja ló kan omi náà. Bí ìrẹsì bá mu ún, á tú ká, iyọ̀ á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti fi nǹkan pa á lára, á sọ fún yín pé kí ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ jù ú sẹ́nu. Atalẹ̀ tí wọ́n bù sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín ẹja kan àti òmíràn lẹ máa jẹ ẹ́, láti fi fọ ẹnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì mú ẹja tó ti gé. Ọwọ́ ọ̀tún wọ inú agbada onígi, ó bu ìrẹsì, kò sì wò ó, síbẹ̀ ìwọ̀n kan náà ló ń bù jáde ní gbogbo ìgbà. Ìka ìfábẹ̀lá fi wasabi tín-ín-rín pa inú ẹja. Ìrẹsì bọ́ sórí rẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó yí i padà, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Nígbà tó bá gbé e síwájú yín, ẹ tẹjú mọ́ ọn: ẹ ó rí i tí á rì sílẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ wà láàárín hóró ìrẹsì náà. Ìrẹsì yẹn lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bí ara èèyàn, ẹja tútù díẹ̀. Bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo ni, bó bá ṣe ń pẹ́ ni adùn rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí fóònù ti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ níṣojú ẹni tó ṣe é.

Wasabi ń ta mí lẹ́nu jù. Ṣé mo lè ní kí wọ́n má fi sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni. “Sabi-nuki de onegaishimasu.” Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ náà máa ń sọ ọ́.

Mùsùlùmí ni mí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í sábà wọ ilé sushi àdúgbò. Ọ̀rọ̀ ọtí ló wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi sake, ìyẹn ọtí ìrẹsì, tàbí mirin, ọtí ìrẹsì dídùn, sè anago, wọ́n ń fi sínú tamago àti omi dúdú tí wọ́n fi ń pa ẹja lára, àwọn mìíràn sì ń fi díẹ̀ sínú fínígà ìrẹsì. Shōyu fúnra rẹ̀ máa ń ní ọtí díẹ̀ tó wá láti inú bíbà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹra fún gbogbo rẹ̀ pátápátá, ilé oúnjẹ hàláàlì ló máa fọkàn rẹ̀ balẹ̀, wọ́n sì wà ní Tokyo, pàápàá lágbègbè Asakusa. Ẹni tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lè gba ẹja funfun pẹ̀lú iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, lẹ́yìn tó bá ti béèrè ohun tó wà nínú ìrẹsì.

Ẹ̀yin tí ìjọ yín kì í jẹ ẹja aláìnípẹ̀ẹ́ àti ohun inú ìkarahun, ẹ fi anago, ika, tako, ebi, akàn, hotate (scallop) àti uni (sea urchin) sílẹ̀. Tai (sea bream) àti aji ní ìpẹ́ dáadáa. Nígbà tí ẹ bá ń pè láti gba àyè ni kí ẹ ti sọ ọ́, kó má ṣe jẹ́ ìgbà tó ti gé e tán.

Lọ́fínńdà, fọ́tò, ọmọdé ńkọ́?

Ẹ má fín lọ́fínńdà lọ. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn òórùn dídùn, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ jókòó ní ìgbọ̀nwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́, òórùn yín ni gbogbo wọn máa jẹ mọ́ ẹja. Fọ́tò: ẹ béèrè kí ẹ tó yà á, ẹ yà á kíákíá, ẹ má ya àwọn oníbàárà tó kù. Ọmọdé: ẹ pè ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ilé tó ní tábìlì fẹ́ràn wọn, wọ́n á sì bá wọn ṣe tamago àti kappa-maki, ṣùgbọ́n ìdí káńtà lálẹ́ kì í ṣe ibi tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti lè sáré.

Báwo ni mo ṣe máa sanwó, ṣé kí n fi nǹkan sílẹ̀ fún un?

“Okaikei onegaishimasu” lẹ máa sọ, pé ẹ fẹ́ sanwó. Wọn kì í gba owó ẹ̀bùn lórí iye oúnjẹ. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ sórí káńtà, ó ṣeé ṣe kí Okami-san sáré tẹ̀ lé yín dé òpópónà láti dá a padà. Bí ọwọ́ yín bá ń yọ láti fúnni ní nǹkan, tó sì jẹ́ pé ilé náà ti ń dá wáá, ẹ lè ní kí ọ̀gá mu bíà kan lórí owó yín. Ohun tó máa wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni “Gochisōsama deshita”, ìyẹn ọpẹ́ fún oúnjẹ, tí ẹ bá sọ pẹ̀lú ìtẹríba nígbà tí ẹ bá ń jáde.

Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ tó. Bí ẹ bá rí i pé àwọn kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dìde.

Kí ló dé tí ẹ fi ń rọ̀ wá tó báyìí?

Nítorí pé wọ́n ń tán lọ. Ilé oníbẹ́líìtì ń tà lówó pọ́ọ́kú, súpámákẹ́ẹ̀tì ń ta sushi inú páálí ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá àdúgbò sì ti darúgbó. Ọmọ wọn ti lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fẹ́ lọ sí Ginza tàbí òkè òkun níbi tí owó wà. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá sọ pé eékún òun kò gbà á mọ́, wọ́n á lẹ ìwé kékeré mọ́ ilẹ̀kùn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó parí nìyẹn. Àwa tó ń gbé níbí náà ti di ará àdúgbò. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó rí i pé ó rántí pé ẹ kì í jẹ wasabi. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀kẹta, á máa bi yín léèrè ìyá yín.

Ṣé mo lè gbé e lọ sílé?

Ẹ lè gbé e. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2019, owó orí oúnjẹ tí ẹ gbé lọ jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èyí tí ẹ jẹ níbẹ̀ jẹ́ ìdá 10. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìrẹsì rẹ̀ á le. Ibi tó tutù nínú ilé tó fún wákàtí díẹ̀, bí kì í bá ṣe ìgbà ooru. Ẹ sọ fún ọ̀gá bí ilé yín ṣe jìnnà tó àti ìgbà tí ẹ máa jẹun, á sì yan àwọn tó ti jinná àti àwọn oní-fínígà tó lè dúró dè yín.